Bí a ṣe tú kọ́bọ́ọ̀dù Màmá: ìtàn oríkèé láti Woolwich Arsenal

Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oníṣirò owó ni mí, ẹ sì mọ̀ pé inú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo èèyàn máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àwọn jẹ ìjọba lówó orí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan kọ́ ló gbà mí lákòókò. Kọ́bọ́ọ̀dù ni!

Ìyá àgbà kan wà ní àdúgbò wa tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Fúlátì rẹ̀ kò jìnnà sí ibùdókọ̀ rélùwéè Woolwich Arsenal. Wọ́n fẹ́ wó ilé náà, wọ́n sì ti fún Màmá ní ilé mìíràn ní Thamesmead. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti gbé ibẹ̀. Nígbà tí mo bi í pé kí ni a máa kọ́kọ́ kó, kò dárúkọ tẹlifíṣọ̀n, kò dárúkọ ìkòkò. Ó ní, “Ọmọ mi, kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi ńkọ́? Bàbá ló tò ó.” Bàbá ni ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé. Inú páálí ni wọ́n ti rà á nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ibẹ̀, Bàbá sì jókòó sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì, ó ń tò ó.

Mo ní, “Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Sátidé la máa tú u.”

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yẹn. *Tú*. Ohùn òkè ló wà lórí rẹ̀. A máa ń tú ẹrù, a máa ń tú irun, a máa ń tú okùn. Tí a bá fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i, ó di *tù*: a máa ń tu èèyàn nínú nígbà tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́. (Ẹ ṣàkíyèsí pé ohùn ìsàlẹ̀ yẹn máa ń di ohùn àárín nígbà tí orúkọ bá tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n nínú “ó tù mí nínú”, ẹ ó gbọ́ ọ dáadáa.) Tí kò bá ní àmì kankan, *tu*, ìyẹn ni pé a fa nǹkan yọ pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, tàbí a tu ìyẹ́ adìyẹ. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ kó kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ tú u, ẹ má tu ú o! Èyí tó kọjú sí *tú* ni *tò*. Ẹni tó tú nǹkan gbọ́dọ̀ lè tò ó padà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo lọ dúró de ẹ̀gbọ́n mi kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù níwájú ibùdókọ̀ náà. Ibi tó dára láti dúró wo ayé ni. Láti ọdún 1849 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró níbẹ̀. Ní ọdún 2009 ni DLR dé ibẹ̀ láti abẹ́ odò Thames. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, ẹ ó rí àwọn àwòrán ńlá ohun èlò ojoojúmọ́ tí Michael Craig-Martin yà sára ògiri. Ẹ ní kí àwọn ọmọ máa dárúkọ wọn ní Yorùbá bí ẹ ṣe ń dúró de ọkọ̀. Àwa máa ń ṣe é, ẹni tó bá kọ́kọ́ pa mọ́ra ló kùnà! Bí mo ṣe dúró níbẹ̀, ọkùnrin méjì gbé pátákó gígùn tí wọ́n fi okùn dì jáde látinú ibùdókọ̀. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ó hàn pé àwa nìkan kọ́ ló ń kó ilé.

Nígbà tí a dé yàrá Màmá, mo mú téèpù ìwọ̀n jáde. Kọ́bọ́ọ̀dù náà ga ní sẹ̀ntímítà 236, ó sì jìn ní 58. Síílìn yàrá náà ga ní 240. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní, “Dádì, ó máa gba ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká dá a dùbúlẹ̀, ká wá tú u nílẹ̀.” Mo ní kó lọ mú bírò wá. Nígbà tí nǹkan bá ń dùbúlẹ̀, kì í ṣe gíga rẹ̀ nìkan ló ń wá àyè; láti igun kan sí igun kejì ló ń wá àyè. Ìlọ́po 236 lọ́nà 236 jẹ́ 55,696. Ti 58 jẹ́ 3,364. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 59,060, gbòǹgbò rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 243. Síílìn jẹ́ 240. Kò lè dùbúlẹ̀ láéláé! Ó ní láti jẹ́ pé Bàbá tò ó ní ìdúró, àwa náà sì gbọ́dọ̀ tú u ní ìdúró. (Ẹ rí i pé ìṣirò wúlò níbi tí kò sí owó.)

Bí a ṣe tú u nìyí. A kó aṣọ jáde: aṣọ òkè, léèsì, gèlè tó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. A yọ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a yọ dúrọ́ọ̀ àti pẹpẹ, a yọ irin tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ. Ìdè tó so ó mọ́ ògiri, a kò fọwọ́ kàn án títí inú rẹ̀ fi ṣófo, nítorí òun ni kì í jẹ́ kó ṣubú lu èèyàn. Lẹ́yìn náà ni a wá yọ pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Pátákó yìí dà bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan kan, ìṣó wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi kàn án, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ ọ́ tán, gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí ọ̀mùtí. Òun ni kì í jẹ́ kó wọ́. Ẹni kan gbọ́dọ̀ dì í mú lápá ọ̀tún, ẹni kan lápá òsì, kí ẹnì kẹta tó máa tú.

Ohun tí ó mú pátákó kan pọ̀ mọ́ èkejì ni irin róbótó kan tó tóbi bí bọ́tìnnì, tó wà nínú ihò. Bí ẹ bá yí i sí ọ̀tún, ó máa gbá orí irin tó ti inú pátákó kejì wá mú. Bí ẹ bá yí i díẹ̀ sí òsì, ó máa tú u sílẹ̀. Ẹ ò ní lò ó ju ìdajì ìyípo lọ. Bí kò bá yí, ẹ má fi agbára ṣe é, nítorí pátákó yẹn kì í ṣe igi gidi bí ti ìrókò tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ń lò. Ẹrún igi ni, tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀. Ní Jámánì ni irú pátákó bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1945, nígbà tí igi wọ́n wọn. Ó pọ́n, ó mọ́, ó gbé ẹrù dáadáa, ṣùgbọ́n tí ihò inú rẹ̀ bá ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

Ẹ gbọ́, ta ló kọ́kọ́ ronú pé kí a máa ta ohun èlò ilé ní túútúú? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní IKEA. Ẹnìkan tó ń jẹ́ Ingvar Kamprad ló dá a sílẹ̀ ní Sweden ní ọdún 1943, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó sì jẹ́ ní ọdún 1956 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta tábìlì tí wọ́n ti yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè gba inú páálí. Ní ọdún 1987 ni ṣọ́ọ̀bù wọn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ní Warrington, èyí tó sún mọ́ Woolwich jù, ti Greenwich, ṣí ní 2019. Ṣùgbọ́n kí ó tó di tiwọn, Michael Thonet ti ń ta àga kan ní Vienna láti ọdún 1859. Igi mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é, ìdè mẹ́wàá ló mú un pọ̀. Ìdì àga 36 ló ń gba inú àpótí kan tó jẹ́ mítà kan níbùú, kan lóròó, kan ní gíga. Ìṣirò ni, ẹ̀yin èèyàn mi! Afẹ́fẹ́ kò sanwó ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ní Woolwich níhìn-ín, ìtàn mìíràn wà nípa nǹkan títú, kò sì dùn tó ti àga. Ohun tí wọ́n ń pè ní Arsenal, tí ibùdókọ̀ àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìjà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1671 ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ọba George Kẹta fún un ní orúkọ Royal Arsenal ní 1805, ilé iṣẹ́ náà sì ti pa ní 1967. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 80 èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ìṣòro kan wà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá pàdé ní àwọn ilẹ̀ tí kò sí títì: àgbá wúwo. Ohun tí wọ́n ṣe sí i nìyí. Ní ọdún 1879, Woolwich gbé àgbá kan jáde tí ọ̀pá rẹ̀ pín sí méjì. Ìdajì kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi 200 pọ́n-ùn, ìyẹn ẹrù tí ìbaaka kan lè gbé. Tí wọ́n bá dé ojú ogun, wọ́n á yí ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì bí ẹni ń yí ìdérí ìgò. Àwọn àgbá kékeré tó ṣáájú rẹ̀, èyí tí ọta wọn wọn pọ́n-ùn méje, kì í pín ọ̀pá, ṣùgbọ́n wọ́n lè yọ ọ̀pá kúrò lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ìbaaka tàbí àwọn alárù gbé e. Ọ̀nà igbó tóóró kò dí wọn lọ́wọ́ mọ́.

Ní oṣù May ọdún 1892, irú àgbá kékeré bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Ìjẹ̀bú ló ni ọ̀nà tó ti etí ọ̀sà wọ inú ilẹ̀ lọ, wọn ò sì fẹ́ ṣí i sílẹ̀ fún àwọn oyinbo. Ìjọba Èkó, lábẹ́ Gómìnà Carter, rán ọmọ ogun sí wọn. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n gba inú igbó, àwọn alárù ń ru ẹrù tẹ̀ lé wọn. Ìbọn Maxim wà níbẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, àgbá ọta pọ́n-ùn méje náà wà níbẹ̀. Ní 19 May, ní odò Yemoji lẹ́bàá Ìmàgbọn, wọ́n ṣẹ́gun àwọn Ìjẹ̀bú. Ní ọjọ́ kejì wọ́n wọ Ìjẹ̀bú Òde. Ìjẹ̀bú ni bàbá mi. Nígbàkigbà tí mo bá kọjá níwájú àwọn àgbá àtijọ́ tí wọ́n gbé sí Royal Arsenal fún àwọn ọmọdé láti máa gùn, mo máa ń rántí pé èèyàn ni wọ́n fi rù ú dé ọ̀dọ̀ wa. Mi ò sọ pé kí àwọn ọmọ mi má gùn ún o. Mo kàn máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó gùn ún.

Kì í ṣe àgbá nìkan. Ilé pàápàá wá sí ilẹ̀ wa ní túútúú. Ní ọdún 1843, William Laycock ti Liverpool fi irin kọ́ ààfin fún ọba Eyamba ti Calabar. Apá apá ni wọ́n kó o sínú ọkọ̀ òkun. Nígbà tí Richard Burton dé Èkó ní 1861, ilé irin ni aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbé, Burton sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó fi wé pósí. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: páànù yí yín ká nínú oòrùn Èkó! Èyí tó dára jù nínú wọn ṣì wà: ilé ìjọba àtijọ́ ní Calabar, igi páìnì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n gé e tán ní òkèèrè kí wọ́n tó gbé e wá tò sórí òkè náà ní 1884. Mùsíọ́mù ni báyìí. Bí ẹ bá lọ sílé, ẹ mú àwọn ọmọ débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí yàrá Màmá, nítorí ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo yọ pátákó ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin mi kígbe pé, “Dádì, wọ́n kọ nǹkan síbí!” Ní etí pátákó, níbi oríkèé, níbi tí ojú kò lè rí nígbà tí kọ́bọ́ọ̀dù wà ní títò, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ *ọ̀tún*. A wo èkejì: *òsì*. Lórí pẹpẹ: *òkè*, *àárín*, *ìsàlẹ̀*. Bàbá ló kọ ọ́. Ìwé ìtọ́sọ́nà tó wà nínú páálí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, àwòrán lásán ni, Bàbá sì fi èdè tirẹ̀ kọ tiẹ̀. Màmá kò mọ̀ rí. Ó gba pátákó náà lọ́wọ́ ọmọ, ó wò ó, ó wò ó. Ó ní, “Ọwọ́ rẹ̀ nìyí. Wo bó ṣe ń kọ Ọ̀ rẹ̀.” A dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀.

*Oríkèé*, ẹ̀yin ọmọ, ni ibi tí egungun méjì ti pàdé: orúnkún, ìgúnpá, ọrùn ọwọ́. Ohunkóhun tí a bá tò láti túútúú, oríkèé rẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, oríkèé náà ni kò sì hàn sójú. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé hàn yín.

Ní àwọn ọdún 1960, ilé wọ́n ní London, ìjọba sì fẹ́ kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ kíákíá. Wọ́n wá ń da ògiri kọnkéré odidi nínú ilé iṣẹ́, wọ́n ń fi kéréènì tò ó bí káàdì. Ilé inú páálí ni, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀! Morris Walk, láàárín Woolwich Dockyard àti Charlton, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọgbọ́n Larsen-Nielsen láti Denmark kọ́. Ní Thamesmead, lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí Arsenal ń lò tẹ́lẹ̀, ọgbọ́n àwọn ará Faransé tí wọ́n ń pè ní Balency ni wọ́n lò, wọ́n tiẹ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ tó ń da ògiri náà sórí ilẹ̀ ibẹ̀. Ní 1968 ni àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ kó wọlé.

Ọdún 1968 yẹn kan náà ni Ronan Point wó. Bí ẹ bá wọ DLR láti Woolwich Arsenal, tí ẹ bá ti sún mọ́ Canning Town, ẹ ò jìnnà sí ibi tó wà mọ́. Ilé alájà 22 ni, Larsen-Nielsen náà ni. Ní ìdájí 16 May, obìnrin kan ṣáná sí sítóòfù ní àjà kejìdínlógún láti se tíì. Gáàsì ti ń jò, ó bú gbàù, ògiri kan jáde kúrò ní oríkèé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo igun ilé náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ń wó lu ara wọn. Obìnrin náà yè. Èèyàn mẹ́rin kú. Oṣù díẹ̀ péré ni èèyàn tíì gbé inú ilé náà.

Wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi irin kún un, àwọn èèyàn sì padà sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sam Webb, ayàwòrán ilé kan, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa ilé náà rẹ́ ní 1986, wọn ò fi àdó olóró wó o. Wọ́n tú u, àjà kan lẹ́yìn èkejì, kí wọ́n lè wo inú oríkèé rẹ̀. Níbi tó yẹ kí sìmẹ́ńtì kún dáadáa, wọ́n bá ihò òfìfo, wọ́n bá ìdọ̀tí, wọ́n bá ìwé ìròyìn tí ẹnìkan kì bọ̀ ọ́. Láti nǹkan bí ogún ọdún ni èèyàn ti ń kọjá lẹ́bàá ògiri yẹn, tí kò sẹ́ni tó rí i.

Morris Walk náà ti lọ báyìí, wọ́n ti wó o kí ilé tuntun lè wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára ilé àkọ́kọ́ ní Thamesmead náà ti lọ. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi ń wó o, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ kékeré bí ti kọ́bọ́ọ̀dù, wọn ò sì tún un tò síbòmíràn. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ nìkan ló ń kó lọ.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a dé orí apá kejì. Ó rẹ̀ mí, mo sì fẹ́ kí ọkọ̀ tètè lọ. Ìdè kan kò yí. Màmá wà lórí àga rẹ̀, ó ní, “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá,” mo sì fagbára mú un. Kàà! Ihò náà ṣẹ́, ẹrún igi dà sílẹ̀ bí gàrí. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Màmá kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Ní Thamesmead, ọjọ́ méjì ni a fi tò ó, bí ti Bàbá. Pẹ́ńsù rẹ̀ ni a tẹ̀ lé; a ò wo àwòrán kankan. Pátákó tí mo bà jẹ́ kò dúró mọ́, nítorí náà a gé apá kejì kúrú, a sọ ọ́ di ilẹ̀kùn kan dípò méjì. Kọ́bọ́ọ̀dù Màmá ti di onílẹ̀kùn mẹ́ta. Gèlè tó ṣẹ́kù wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Pátákó tuntun kan tí mo rà wọlé kò ní àmì, ọmọkùnrin mi sì mú bírò láti kọ *àárín* sí etí rẹ̀ kí a tó dè é. Màmá ní pẹ́ńsù ni kó lò. A wá pẹ́ńsù káàkiri ilé tuntun yẹn fún bí ìdajì wákàtí, inú àpò aṣọ Bàbá kan ni a ti rí i.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ yín rèé: ẹ wá ohun kan nínú ilé yín tí wọ́n tò láti inú páálí, kí ẹ dárúkọ gbogbo apá rẹ̀ fún mi ní Yorùbá. Ẹ má tú u o, kí màmá yín má baà wá mi dé Woolwich! Ó dìgbà.